Ta Ni Kí A Bi Léèrè Kí A Tó Ra Ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó?

Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi àwọn aláṣẹ tó ń jókòó sórí rédíò tí wọ́n ń sọ pé kí ẹni tó bá fẹ́ ra ilé lajú dáadáa: kí ni kí a fi ojú tí a là náà wò? Ẹ rìn láti Ìta Fàájì wọ Pópó Àgùdà, kí ẹ máa wo ara ògiri. ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ ni wọ́n fi ọ̀dà kọ síbẹ̀ gàdàgbà-gadagba, ilé lẹ́yìn ilé. Ẹ ò ní mọ ẹni tó kọ ọ́. Ó lè jẹ́ Dáwódù ilé, ìyẹn olórí ẹbí. Ó lè jẹ́ ọmọ ẹbí kan tí wọn ò fún lówó. Ó sì lè jẹ́ alágbàtà tí wọ́n gba ọjà mọ́ lọ́wọ́.

Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ní kí n bá òun wá ilé sítòsí ibi tí ìyá wa ti ta aṣọ títí tó fi darúgbó. A rí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí àwọn Àgùdà, àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wá sí Èkó, kọ́, ògiri rẹ̀ nípọn, iṣẹ́ ọnà wà lójú fèrèsé rẹ̀, irú èyí tí bíríkìlà òde òní kò lè ṣe mọ́. A lajú o! A gba lọ́yà. Lọ́yà lọ yẹ̀wé wò ní ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí, wọ́n ní kó mú nọ́ńbà ìwé ilé wá. Nọ́ńbà wo? Ilé tí baba ńlá àwọn èèyàn kọ́ nígbà tó ti Bahia ní Brazil dé, tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń gbé inú rẹ̀ títí dòní, níbo ni nọ́ńbà ti fẹ́ wá? Dáwódù fọwọ́ sí i, àwọn ìyá àgbà inú ilé fọwọ́ sí i, a sì san nínú owó. Ni ẹ̀ka ẹbí náà kan bá yọ, tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ fún wa rí, wọ́n ní kò sẹ́ni tó bi àwọn. A ti wà ní kóòtù báyìí. Wọ́n sì tún ní ká lajú!

Kì í ṣe pé òfin ò sí. Lọ́yà ti là á yé mi: bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilé ẹbí tí olórí ẹbí ò sí níbẹ̀, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìfi ti àwọn àgbà ẹ̀ka ṣe, wọ́n lè ní kí kóòtù fagi lé e. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni olórí ẹbí? Ẹ̀ka mélòó ló wà? Ìwé òfin kò lè sọ ìyẹn fún mi, ọ́fíìsì ìjọba kankan kò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń tà á nìkan ni mo lè bi, ẹni náà gan-an tí wọ́n ní kí n ṣọ́ra fún.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ti pẹ́. Lẹ́yìn tí Òyìnbó gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní 1861 ni wọ́n ń kọ ìwé ilẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí ohun tí ẹbí kà sí tiwọn lápapọ̀, àwọn adájọ́ ò sì tíì tú u tán. Tiwa kọ́ ló máa parí ẹ̀, mo mọ̀.

Ohun tó tún ń bí mi nínú ni pé ìdàrúdàpọ̀ yìí ló ń pa àwọn ilé àtijọ́. Ẹni tó fẹ́ rà á kó fi gbébẹ̀ yóò bẹ̀rù, yóò sá. Ẹni tí kò ní bẹ̀rù ni ẹni tó ní tọ́ọ̀gì àti katakata, tó fẹ́ wó o kó fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ rántí Ilójò Bar, ilé Àgùdà àtijọ́ kan ní Tinúbú. Láti 1855 ló ti wà níbẹ̀, ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o lọ́jọ́ Àìkú kan ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Ọdún 2016 yẹn kan náà ni òfin tó ń de àwọn ọmọ onílẹ̀ jáde ní Èkó. Ẹ já yanrìn sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó lónìí, kí ẹ wò ó bóyá wọn ò ní bi yín lówó.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Kí káńsù kọ̀ọ̀kan ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ilé ẹbí. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó kọ́lé, iye ìyàwó tàbí ẹ̀ka tó pín sí, ẹni tó ń jẹ́ Dáwódù lọ́wọ́lọ́wọ́, àti ẹnì kan tó ń ṣojú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan nínú wọn bá kú, kí ẹbí lọ ṣàtúnṣe rẹ̀ kí ọdún tó yípo. Ẹbí tó bá fẹ́ tà, kí wọ́n lẹ ìkéde mọ́ ara ilé fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n kà á ní mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹbí ń lọ, kí wọ́n sì gbé e sórí rédíò Yorùbá, kí ọmọ ẹbí tó wà ní Bàdágírì gbọ́, kí èyí tó wà ní Bahia rí i lórí fóònù. Ẹ̀ka tó bá dákẹ́ títí oṣù mẹ́ta fi pé, kó lọ máa bá àwọn ẹbí rẹ̀ du owó, kó fi olùrà sílẹ̀. Kí owó náà sì wọ báńkì tó jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ka ni yóò fọwọ́ sí i kó tó jáde. Àwọn kan yóò ní àṣírí ẹbí kò yẹ níta. Àṣírí wo ló kù nínú ohun tí wọ́n ti fi ọ̀dà kọ sára ògiri?

Kí ìjọba dín owó ilẹ̀ kù fún ẹni tó bá tún ilé Àgùdà ṣe dípò kó wó o.

Kí wọ́n mú àwọn alágbàtà pẹ̀lú. Èyí tó mú wa lọ kò tíì sun àtìmọ́lé lọ́jọ́ kan. Ilé yẹn náà ló tún ń mú àwọn ẹlòmíràn lọ wò báyìí.

Ẹni tí wọ́n ní kó lajú,
Pópó Àgùdà, Èkó