Aṣòfin méjì kò tó Alímọ̀ṣọ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Láti ọdún 1999 ni bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà mi ń jókòó lé ti ń di ti INEC, àjọ elétò ìdìbò, lọ́jọ́ ìdìbò. Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ẹ́sítéètì Abẹ́sàn ní Ìpájà, iwájú rẹ̀ gan-an ni wọ́n sì máa ń gbé àpótí ìbò sí. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, èmi ni mo máa ń gbé bẹ́ǹṣì méjèèjì síta. Mo mọ àwọn tó ń dìbò ládùúgbò wa bí mo ṣe mọ ìwọ̀n aṣọ wọn.

Àwọn àgbà ló máa ń kọ́kọ́ dé, pàápàá màmá kan tó máa ń so káàdì ìdìbò rẹ̀ mọ́ etí ìró. Lẹ́yìn wọn ni bíríkìlà tó jẹ́ Ègùn, ọmọ Íbò tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, àti àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá àti Èkìtì tí owó ilé lé kúrò ní Múṣin àti Agége. Lọ́jọ́ ìdìbò ààrẹ, ìlà máa ń gùn dé ìdí kànga. Ọjọ́ ìdìbò gómìnà ni nǹkan máa ń yí padà. Ìwé méjì ni wọ́n máa ń fún wa lọ́jọ́ yẹn, ti gómìnà àti ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀, àmì ẹgbẹ́ nìkan ni. Ní oṣù kẹta 2023, màmá yẹn tẹ̀ka tán, ó wá jókòó tì mí, ó ní: "Ìyá Ṣadé, ti gómìnà yé mi. Ìkejì yẹn, ta ni mo tẹ̀ka fún?" Mo ronú títí, orúkọ náà kò wá sí mi lẹ́nu. Ó dùn mí dọ́kàn.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ìlú kò kàn wá. Ẹ bá mi ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìpájà wa wà. Ẹkùn ìdìbò méjì péré ni gbogbo wa ní sí ilé aṣòfin Èkó. Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí tó ní 117,481, méjì náà ni. Ẹ̀pẹ́ tó ní 181,409, méjì. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ló wà, méjì méjì ni wọ́n pín fún gbogbo wọn, ni ilé bá ní ọmọ ẹgbẹ́ 40. Níbi tiwa, ẹnì kan ń ṣojú nǹkan bí 638,000 ènìyàn. Ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, kò tó 59,000. (Ti Àbújá tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: aṣojú kan ṣoṣo ni Alímọ̀ṣọ́ ní nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, Erékùṣù Èkó ní méjì.)

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni bàbá tó bí mi, mo sì fẹ́ràn ilé. Nígbà tí a sìnkú ìyá mi lọ́hùn-ún, ọmọ ilé aṣòfin ìgbà náà wá, ó bá wa jókòó, ó béèrè orúkọ àwa ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí gọ́tà ojúlé wa bá dí, àbúrò mi á fẹsẹ̀ rìn lọ bá a lálẹ́. Ẹni tó ń ṣojú 638,000 kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó níwà tó. N kò dá wọn lẹ́bi.

Oko àwọn Àwórì ni ibí tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 27 oṣù karùn-ún 1967, lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni gbogbo agbègbè Ìkẹjà, àti tiwa níbí, wà. Nígbà tí Jákàńdè jẹ́ gómìnà, 1979 sí 1983, ó kọ́ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú sí Abẹ́sàn, ènìyàn sì ń tẹ̀lé ara wọn wá. Nígbà tí mo dé ní 1991, mo ṣì máa ń ra ewédú lọ́wọ́ ẹni tó gbìn ín lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ilé alájà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ báyìí. Ní 2003, Tinúbú, tó jẹ́ gómìnà nígbà náà, pín Alímọ̀ṣọ́ sí káńsù mẹ́fà. Ìjà ńlá ló dá sílẹ̀ pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Alága mẹ́fà ni a ní dòní. Aṣòfin ṣì jẹ́ méjì.

Abala 113 nínú òfin orílẹ̀-èdè ní kí iye ènìyàn ẹkùn kọ̀ọ̀kan súnmọ́ra tó bó bá ti ṣe é ṣe. Abala 114 fún INEC lágbára láti tún ààlà yẹ̀ wò, bí ọdún mẹ́wàá bá ti kọjá. 1996 ni wọ́n pín in kẹ́yìn, ọdún tí mo bí Ṣadé. Ṣadé ti bímọ méjì. INEC mọ bí wọ́n ṣe ń tún nǹkan pín: ní 2021, wọ́n fi kún ibùdó ìdìbò káàkiri Nàìjíríà, láti 119,974 sí 176,846. Tiwa náà pín, ìlà sì kúrú.

Mo mọ ibi tó ti le. Òfin ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 40 lọ, nítorí náà bí a bá fi kún tiwa, ti ẹlòmíràn á dín. Bí ẹ bá pín 9,113,605 tí wọ́n kà ní gbogbo Èkó sí ọ̀nà 40, Alímọ̀ṣọ́ yẹ kó ní márùn-ún ó kéré tán. N kò fẹ́ kí wọ́n gba ti Ẹ̀pẹ́. Omi àti igbó pọ̀ lọ́hùn-ún, ìlú sì jìnnà síra. Kí wọ́n tún òfin ṣe, kí 40 yẹn lè gbòòrò fún ìpínlẹ̀ tó pọ̀ lérò bíi Èkó. Àwọn aṣòfin wa méjèèjì ni mo ń bẹ̀ pé kí wọ́n gbé e dìde nílé ṣáájú ìdìbò 2027, kí aṣojú wa ní Àbújá sì gbè é lẹ́yìn.

Ìwé kan wà lórí tábìlì tí mo ti ń géṣọ. A ti ń kọ orúkọ àti àdúgbò síbẹ̀, èyí tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wọn. Ará Ìpájà, Ayọ̀bọ̀, Ìgàńdó, Ìkòtún, Ìdímù, ẹ yà wá ní ọjọ́ kọ́jọ́ àyàfi Sunday, láti aago mẹ́jọ àárọ̀.

Ìyá Ṣadé, télọ̀,
Ìpájà, Èkó.