Èsì àyẹ̀wò omi àti ilẹ̀: ẹ ka abala 15 dé ìparí

Sí Olóòtú,

Bí ará Ògíjó, Ìsarà tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó bá lọ béèrè èsì àyẹ̀wò tí ìjọba ṣe sí omi kànga tàbí erùpẹ̀ àdúgbò rẹ̀, ìdáhùn kan wà tó sábà máa ń gbà bọ̀: "Òfin kò gbà wá láyè." Ọ̀pọ̀ ló máa ń gba ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n á sì padà sílé. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ìdáhùn náà kì í ṣe irọ́ pátápátá.

Òfin FOI, tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù lọ́jọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2011, ní abala kan tí wọ́n ń pè ní abala 15. Ìsọ̀rí kejì rẹ̀ ní kí ọ́fíìsì ìjọba má ṣe fi apá ibi tí èsì àyẹ̀wò àyíká bá wà nínú ìwé han ẹni tó béèrè, bó bá jẹ́ ìjọba ló ṣe àyẹ̀wò náà tàbí tí wọ́n bá a ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìsọ̀rí kẹta tó tẹ̀lé e wá ní bí wọ́n bá fún èèyàn ní irú èsì bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ àlàyé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe àyẹ̀wò náà mọ́ ọn. Èwo ni ká wá gbọ́? Lójú tèmi, gègé ẹni tó kọ òfin yìí ló ṣìṣe, torí òfin Kánádà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1983 ní gbólóhùn tó jọ èyí, ṣùgbọ́n ohun tí tiwọn sọ ni pé kí ìjọba má fi irú èsì bẹ́ẹ̀ pamọ́. Èrò tèmi nìyẹn o, adájọ́ kò ní fi dá ẹjọ́.

Ìsọ̀rí kẹrin ni kọ́kọ́rọ́. Ó pa á láṣẹ pé kí ọ́fíìsì náà fi gbogbo ohun tí ìsọ̀rí kìíní, ìkejì àti ìkẹta dárúkọ hàn, bó bá jẹ́ fún àǹfààní ará ìlú ní ti ìlera, ààbò tàbí ìdáàbòbò àyíká, tí àǹfààní náà bá sì ju àdánù owó tàbí ìpalára tó lè bá òwò ẹlòmíì lọ. Nítorí náà, ẹ má dúró kí wọ́n fi ìsọ̀rí kejì lé yín padà kí ẹ tó rántí ìkẹrin. Inú ìwé àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti kọ ọ́.

Ìwé tó dára kò gùn. Ẹ má béèrè pé "kí ni iléeṣẹ́ yẹn ń ṣe sí wa?", torí òfin kò pọn ọn ní dandan fún òṣìṣẹ́ láti ṣàlàyé ohun tí kò sí nínú fáìlì. Ìwé tó wà nílẹ̀ ni kí ẹ dárúkọ, báyìí: "A ń béèrè ẹ̀dà èsì àyẹ̀wò omi kànga tí ẹ ṣe ní àdúgbò báyìí-báyìí, láti oṣù kìíní sí oṣù kẹfà ọdún 2025: iye òjé (lead) tí ẹ bá nínú rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bu omi, ibi tí ẹ ti bu ú, yàrá àyẹ̀wò tó yẹ̀ ẹ́ wò, àti àlàyé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Ọ̀rọ̀ ìlera ará ìlú ni, lábẹ́ abala 15, ìsọ̀rí kẹrin." Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè; abala kìíní ti yọ ìyẹn kúrò. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíì, tàbí kó sọ ọ́ lẹ́nu kí òṣìṣẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní ẹ̀dà. Owó ẹ̀dà ìwé nìkan ni wọ́n lè gbà, àti ti àdàkọ bó bá pọn dandan.

Mo tẹnu mọ́ ọ̀nà àyẹ̀wò torí èsì tí kò ní i kò ju nọ́ńbà lásán lọ. Ẹ wo òjé, tó kan àwọn tó ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì àlòkù. Ìlànà omi mímu Nàìjíríà kò fẹ́ kí òjé ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú lítà omi kan. Bí ẹ̀rọ yàrá àyẹ̀wò kò bá lè rí ohun tó kéré sí 0.05, "ND" ni wọn yóò kọ síbẹ̀, ìyẹn ni pé wọn kò rí nǹkan kan. Omi tó ní 0.04, ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ìlànà gbà, lè fi bẹ́ẹ̀ gba ìwé "kò sí wàhálà". Ẹ wò ó bóyá wọ́n kán ásíìdì náítíríìkì sí ìgò lẹ́yìn tí wọ́n bu omi náà. Bí wọn kò bá kán an, òjé a máa lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ohun tí ẹ̀rọ yóò rí nínú omi a sì dín kù. Ẹ wò ó bóyá wọ́n sẹ́ omi kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò: àwa kì í sẹ́ tiwa ká tó mu ún.

Àwọn ibi kan wà tí òfin dí lóòótọ́. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹlòmíì tòun torúkọ, abala 14 ló dáàbò bò ó, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Iye ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò ni kí ẹ béèrè, ọjọ́ orí wọn, àti iye tí òjé ẹ̀jẹ̀ wọn tó máíkírógíráàmù 5 nínú dẹ̀sílítà kan, ìwọ̀n tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí wá orísun òjé náà. Àṣírí òwò iléeṣẹ́ náà wà lábẹ́ abala 15. Síbẹ̀ abala 18 ní kí wọ́n yọ apá tó jẹ́ àṣírí, kí wọ́n fún yín ní ìyókù. Bí ìwádìí ọ̀ràn bá ń lọ lórí iléeṣẹ́ kan, wọn á na abala 12 síta. Ẹ sọ fún wọn pé fáìlì ìwádìí kọ́ lẹ ń béèrè, èsì àyẹ̀wò ni.

Ní ti ibi tí ẹ máa kọ ọ́ sí, Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Àyíká Ìpínlẹ̀ Ògùn wà ní Òkè-Mosàn, l'Abẹ́òkúta. NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin 2007 dá sílẹ̀, ló ń rí sí bí iléeṣẹ́ ṣe ń pa òfin àyíká mọ́, yàtọ̀ sí ti epo rọ̀bì. Àwọn kan ṣì ń sọ pé òfin FOI kò kan ìpínlẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti fòpin sí àríyànjiyàn yẹn: ó kan ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni kíka ọjọ́. Ẹ mú ìwé náà lọ ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ tòun ti déètì sí èyí tí ẹ máa mú padà. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní, wọ́n sì lè fi méje kún un bí ìwé náà bá pọ̀ tàbí bí wọ́n bá ní láti kàn sí ẹlòmíì, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé sọ fún yín. Bí wọ́n bá kọ̀, ìwé ìkọ̀sílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ìdí, abala òfin tí wọ́n gbára lé, orúkọ, ipò àti ìbuwọ́lùwé ẹni tó kọ̀. Bí wọ́n bá dákẹ́, ìkọ̀sílẹ̀ ni òfin kà á sí, ọgbọ̀n ọjọ́ láti lọ sílé ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìwé tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí lọ́jọ́ kejì oṣù, ọjọ́ kẹsàn-án ni ọjọ́ méje rẹ̀ pé. Ẹni tó bá ń kọ ìwé ìrántí kan tẹ̀lé òmíì látìgbà náà, ọgbọ̀n ọjọ́ rẹ̀ ló ń lọ. Adájọ́ lè fi àkókò kún un, ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé e. Ilé Ẹjọ́ Gíga wà n'Íjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù. Ìjọba ló sì ní láti fi hàn pé òun ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Owó ìtanràn ìkọ̀sílẹ̀ àìtọ́ jẹ́ ₦500,000; ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ tàbí tó yí i padà, ó kéré tán ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni.

Ẹ̀yin tó wà lápá àríwá wa, níbi tí àpáta pọ̀ sí, ìwé kan wà tí ẹ kò nílò FOI rárá láti rí: ìwé EIA, tó ń sọ ohun tí iṣẹ́ tuntun yóò ṣe sí àyíká. Òfin 1992 fi dandan lé e fún kúárì tí kò bá tó kìlómítà mẹ́ta sí ibi tí èèyàn ń gbé. Ọjọ́ iṣẹ́ 21 ni wọ́n sábà máa fi ń pàtẹ rẹ̀ fún ará ìlú, ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ àti níléeṣẹ́ àyíká. Inú ìwé ìròyìn tí ará oko kì í kà ni ìkéde rẹ̀ sábà máa ń wà, nítorí náà, ẹ máa dé sẹkitéríàtì lóṣooṣù, kí ẹ béèrè bóyá èyíkéyìí wà nílẹ̀. Ìwé náà a máa nípọn. Ẹ fi fóònù ya ibi tí èsì omi, afẹ́fẹ́ àti ariwo ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wà, ibi tí wọ́n ti to ewu àti àtúnṣe rẹ̀ sílẹ̀, àti ojú ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí wọ́n ní àwọn bá sọ̀rọ̀ ní abúlé yín sí. Ẹ wá orúkọ yẹn dáadáa.

Òǹkàwé yín,
Ìjẹ̀bú-Òde