Ìwàkuwà awakọ̀ máa ń ràn bí àrùn

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda àyè díẹ̀ fún mi láti sọ̀rọ̀ lórí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Ìbàdàn, pàápàá ní Ìwó Road tí mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀.

Ohun tí mo fojú ara mi rí níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni pé Micra kan ṣoṣo ni yóò kọ́kọ́ yà kúrò lórí ìlà, tí yóò gba ojú ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀, tí yóò sì tún já padà wọ ìlà níwájú. Kí a tó ṣẹ́jú, mẹ́ta ti tẹ̀lé e, àwọn tó ti ń fi sùúrù dúró náà á sì yí ọwọ́ ọkọ̀ wọn, nítorí wọ́n rò pé ẹni tó bá dúró ni yóò pẹ́ jù. N kò gbà pé èèyàn burúkú ni wọ́n. Ó ràn wọ́n ni. Kódà, ìṣirò tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Kermack àti McKendrick, gbé jáde lọ́dún 1927 nípa bí àjàkálẹ̀ àrùn ṣe ń tàn ni àwọn onímọ̀ kan ń lò báyìí fún ìrìn ọkọ̀.

Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Japan lọ́dún 2008, wọ́n kó ọkọ̀ 22 sórí ọ̀nà róbótó tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 230, wọ́n sì ní kí gbogbo awakọ̀ máa sá kìlómítà 30 ní wákàtí kan. Kò sí kòtò níbẹ̀, kò sí ọjà, ẹnikẹ́ni kò sì yà kúrò lórí ìlà. Síbẹ̀, bí ẹnì kan ṣe dín eré kù díẹ̀, tí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì tẹ bíréèkì jù ú lọ, kò pẹ́ tí àwọn kan fi dúró pátápátá, ìdúró náà sì ń padà sẹ́yìn láti ọkọ̀ dé ọkọ̀.

Nítorí náà, ibi tí ọkọ̀ ti há kọ́ ni ibi tí ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni mo sábà ń rí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń darí ọkọ̀. Mo bẹ àwọn aláṣẹ kí wọ́n fi wọ́n sí iwájú, níbi tí àwọn tó yà ti ń já wọlé, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Mo sì bẹ àwọn olórí awakọ̀ ní gáréèjì kí wọ́n sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn pé kí wọ́n máa fi àyè sílẹ̀ níwájú, kí wọ́n sì máa rọra rìn déédéé, nítorí ìwádìí mìíràn ní Arizona, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàrin nǹkan bí 20 lè pa irú ìdúró bẹ́ẹ̀ rẹ́.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.