Ẹ má pe abẹ́rẹ́ méjì ní orúkọ kan

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sójú kí ojú má baà gbó. Ẹ ò bú àwa tí a gbà á, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwòrán ètè obìnrin kan tó wú tìǹtìn lẹ gbé síbẹ̀, ẹ wá kọ "Botox" sábẹ́ rẹ̀. Botox kì í wú ètè! Abẹ́rẹ́ mìíràn tí wọ́n ń pè ní filler ló ń ṣe ìyẹn. Irú àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ló kó bá mi.

Ẹni ọdún 57 ni mí. Ọdún 30 ni mo fi ṣe olùkọ́, tí mò ń fajú ro mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó sì wá kọ ara rẹ̀ sójú mi: ìlà méjì lóòró láàárín irun ojú, bíi nọ́ńbà 11. Bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́ báyìí, wọ́n á ní ta ló bí mi nínú. Ìyẹn ló gbé mi débi abẹ́rẹ́, kì í ṣe pé mo fẹ́ padà di ọmọge.

Lọ́jọ́ karùn-ún tí mo gbà á, ìpéǹpéjú òsì mi já wálẹ̀. Kò dùn mí, kò wú. Ó kàn sọ̀ bí aṣọ fèrèsé tí okùn rẹ̀ já lápá kan. Bàbá àwọn ọmọ mi wò mí títí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní, "Màmá wọn, ṣé èmi lò ń ṣẹ́jú sí?" Ìka ni mo fi ń gbé ojú sókè kí n tó lè kàwé.

Mo sáré padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó gún mi. Ṣé ẹ rí i, àbúrò mi obìnrin ti gba tiẹ̀ sẹ́rẹ̀kẹ́ rí. Nígbà tó so kókó, wọ́n gún nǹkan míì sí i, ó sì yọ́ dànù. Mo ní kí wọ́n gún tèmi náà kó yọ́. Ó wò mí tàánú-tàánú. "Ẹ má bínú, Mà. Filler ni ti àbúrò yín. Kò sóhun tó ń yọ́ tiyín, ẹ máa fara dà á ni." Fìlà ni mo tiẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́, mo rò pé ó ní kí n wá nǹkan dé bo ojú.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tó yẹ kí n ti bèèrè tẹ́lẹ̀. Oró ni Botox, oró kòkòrò tó máa ń wà nínú oúnjẹ tí wọn ò tọ́jú pamọ́ dáadáa, tí wọ́n wá ń fúnni ní bíńtín. Kì í na awọ. Iṣẹ́ tí ọpọlọ rán sí iṣan pé kó súnkì ló ń dá dúró lọ́nà. Ojú tí kò wo ọ̀kánkán àti ìpéǹpéjú tó ń dì fúnra rẹ̀ ni Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i fún lọ́dún 1989. Dókítà ojú kan ní Kánádà, Jean Carruthers, ló rí i pé ìlà ojú aláìsàn òun ń pòórá. Òun àti ọkọ rẹ̀, Alastair, tó jẹ́ dókítà awọ, kọ ọ́ jáde ní 1992. Ó di 2002 kí Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i fún irú ìlà tèmi yìí.

Filler ní tiẹ̀ ń dí kòtò. Bí a ṣe ń dàgbà, awọ nìkan kọ́ ló ń tú. Ọ̀rá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń fọn, egungun ojú pàápàá ń dín kù, ojú á wá dà bí ìrọ̀rí tí òwú inú rẹ̀ ò pé mọ́. Hyaluronic acid, tó wà lára wa tẹ́lẹ̀, ni èyí tó wọ́pọ̀ jù, hyaluronidase sì ni ohun tó ń yọ́ ọ. Ewu tiẹ̀ ju tèmi lọ o: bó bá ṣèèṣì wọ òpó ẹ̀jẹ̀, awọ lè kú, ojú lè fọ́. Ẹni tí kò bá ní hyaluronidase nítòsí, kí ló ń fi filler ṣe lọ́wọ́?

Oògùn ìkán-sójú ni wọ́n fún mi, ó gbé ìpéǹpéjú náà sókè díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ keje ló tó bá ìkejì rẹ̀ dọ́gba. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́rin, nọ́ńbà 11 mi ti padà sípò rẹ̀.

Mo ti tún un gbà. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Lọ́wọ́ dókítà mìíràn ni, mo sì gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọ jígí mi, mo ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára kó tó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tún ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán yẹn kọ.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì