Sí Àbẹ̀kẹ́, lórí iṣẹ́ béèsì

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ìyá rẹ sọ fún mi pé o ti pinnu pé gìtá béèsì ni wàá fi jẹun, kì í ṣe ti ọjọ́ Ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan mọ́. Ó dáa. Àmọ́ mọ̀ pé ìka tó yára kọ́ ni wọ́n fi ń pe èèyàn sí eré. Ẹni tí ọ̀gá ẹgbẹ́ ń pè lẹ́ẹ̀kejì ni ẹni tí kò jẹ́ kó bojú wẹ̀yìn wò láti ìbẹ̀rẹ̀ eré títí tí wọ́n fi tú ká.

Àkókò ló ṣáájú. Gbé metronome, ẹ̀rọ tó ń dún láti fi ka àkókò orin, sí 50 ní ìṣẹ́jú kan, kí o ka dídún rẹ̀ sí èjì àti ẹ̀rin, má kà á sí ọ̀kan àti ẹ̀ta. Ta ìlà kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìfi nǹkan kan kún un. Á sú ọ, ibi tó bá sì ti sú ọ yẹn gan-an ni ọwọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Nínú orin Fela, ìlà béèsì kan lè máa yí po ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bá a ta á délẹ̀, wàá mọ ibi tí o kù sí. Lára onídúrọ́ọ̀mù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí o máa gbọ́ kí o tó gbọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ibi tí ohùn parí sí náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: nínú highlife, gé e kúrú, nínú orin ìjọsìn tó ń rọra lọ, jẹ́ kó gùn títí èyí tó tẹ̀ lé e fi dé. Okùn tí o kò ta, fọwọ́ pa á lẹ́nu mọ́. Ó máa ń gbọ̀n fúnra rẹ̀, wọ́n á sì máa bú ampù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè.

Eré jùjú lè lọ ju wákàtí kan lọ láìdúró, nítorí náà gbé bẹ́líìtì gìtá sókè kí ọrùn ọwọ́ rẹ má baà tẹ̀. Nígbà tí gángan bá ń ki olówó ayẹyẹ, má dá àrà kankan. Di ohùn méjì tàbí mẹ́ta mú, kí ẹni tí wọ́n ń kì lè gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ ketekete. Oníbéèsì tó bá da ọ̀rọ̀ gángan rú ti dínà owó gbogbo ẹgbẹ́.

Olórin kì í sọ key, ìyẹn ibi tí dò orin náà wà, fún ọ lóde. Á kàn gbé orin ni. Yí ohùn gìtá sísàlẹ̀ kí o wá dò lórí okùn tó nípọn, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ bí o ṣe ń wá a. Ọ̀pọ̀ orin ìyìn ló ń balẹ̀ sórí dò, torí náà òpin ẹsẹ ni kí o ṣọ́. Nọ́ńbà ni kí o fi kọ́ orin, kí dò jẹ́ 1, bíi 1-4-5, 6-2-5-1, má kọ́ ọ ní C tàbí G. Tí wọ́n bá gbé orin láti F lọ sí F#, oníkíbọọ̀dù á kàn tẹ transpose. Gìtá rẹ kò ní irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀. Tí o bá ti fi okùn tí o kò tẹ̀ kọ́ ìlà náà, á tú mọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹni tó ń tẹ gbogbo rẹ̀ á kàn sún síwájú ní fret kan ni, ìyẹn ìlà irin kan lórí ọrùn gìtá.

Gìtá tó ń lo bátìrì 9V ń jẹ bátìrì náà níwọ̀n ìgbà tí wáyà bá wà nínú rẹ̀, bí o kò tilẹ̀ ta á. Yọ wáyà lẹ́yìn eré. Tí ohùn bá ń ha tó sì ń rẹlẹ̀, bátìrì ló ń kú lọ. Kó bátìrì méjì, wáyà méjì tó tó mítà 6, tuner tí a fi ń yí okùn sójú ohùn, àti odindi sẹ́ẹ̀tì okùn kan tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ 45 sí 105, sínú àpò. Má pààrọ̀ okùn láàárọ̀ ọjọ́ eré, torí okùn tuntun ń fà, kì í dúró sójú ohùn. Nínú gbọ̀ngàn tó ń dún padà, dín bọ́tìnnì béèsì kù, kí o fi mid, ohùn àárín, kún un. E ìsàlẹ̀ rẹ, ohùn okùn tó nípọn jù, kò ju nǹkan bí 41 Hz lọ, ìyẹn ìgbọ̀n bíi 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí o bá gbé e sókè níbẹ̀, hùùù lásán ni wọ́n á gbọ́. Kí wọ́n tó yí iná bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀, yí ampù sísàlẹ̀, torí ìró gbì yẹn lè ba sípíkà jẹ́. Bí ètè rẹ bá kan máíìkì tí iná sì gbọ̀n ọ́, earth ibẹ̀, wáyà tó ń gbé iná lọ sí ilẹ̀, kò dáa. Dáwọ́ dúró, pe onísáùndì. Kò sí owó eré tó tó ìyẹn.

Tí wọ́n bá pè ọ́, béèrè ibi, aago tí wọ́n fẹ́ dán ohùn wò, aṣọ, iye owó, ẹni tó ń gbé ampù wá, owó ọkọ̀, àti iye tí wọ́n á fi kún un tí eré bá kọjá àkókò. Kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́jọ́ náà gan-an. Owó tí wọ́n ń ná lójú agbo, ti ẹgbẹ́ ni, títí kan èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọ níwájú orí. Má fún oníbàárà ní nọ́ńbà rẹ lẹ́yìn ọ̀gá. Tí eré méjì bá bọ́ sí Sátidé kan náà, èyí tí o kọ́kọ́ gbà ni kí o lọ, bí èkejì tilẹ̀ lówó jù ú lọ. Bí ara rẹ kò bá yá, wá oníbéèsì mìíràn fún wọn fúnra rẹ, kí o sì fi orúkọ orin àti key wọn ránṣẹ́ sí i. Má bẹ̀rù pé á gba ọ̀gá mọ́ ọ lọ́wọ́; lọ́jọ́ tí eré méjì bá pa pọ̀ fún òun náà, ìwọ ló máa pè.

Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé kí o jẹun kí o tó kúrò nílé, torí oúnjẹ ẹgbẹ́ kì í dé àfi tí àlejò bá jẹ tán. Òótọ́ ló sọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ