Ẹ Má Kọ Ìdákẹ́jẹ́ Ìyá Aláta Sílẹ̀ Bí Ìfọwọ́sí

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n fèsì fún ẹni tó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa àwọn ìsọ̀ tí káńsù fẹ́ wó. Ó ní wọ́n pe àwọn ọlọ́jà sípàdé, wọ́n wá, wọ́n jókòó, kò sẹ́ni tó lanu sọ nǹkan kan. Pé ariwo tí wọ́n ń pa báyìí, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ìsọ̀ wọn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó ní àwọn obìnrin ọjà wa kì í fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ìlú. Ó wá fi òwe dí i pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Obìnrin ọjà Ìbàdàn ni kì í sọ̀rọ̀? Kí ẹni náà lọ ná ata ní ìnákúnàá ní Bódìjà, kó wá padà wá ròyìn fún wa. Ní ti òwe yẹn, òwe gidi ni, àmọ́ ẹni tó fúnra rẹ̀ dákẹ́ ni wọ́n pa á fún.

Mo wà níbi ìpàdé náà. Ọmọ àbúrò mi ní ìsọ̀ nínú ọjà yẹn, òun ló bẹ̀ mí pé kí n tẹ̀lé òun. Mi ò ní dárúkọ ọjà, mi ò sì ní dárúkọ káńsù, torí ohun tí mo rí níbẹ̀ kì í ṣe ti káńsù kan ṣoṣo. Wọ́n kí àwọn èèyàn ńlá tó jókòó níwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, tòun toyè, títí oòrùn fi kan àtàrí. Ọ̀gbẹ́ni tó wá ṣàlàyé iṣẹ́ náà fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń nàka sí àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé tí wọ́n pín. Gẹ̀ẹ́sì náà ló fi bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun tó fẹ́ sọ. Ìyá aláta ń wo ìyá ẹlẹ́lùbọ́, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ń wo ilẹ̀. Nígbà tó yá, Ìyálọ́jà dìde, ó dúpẹ́ pé ìjọba rántí àwọn, ó gbàdúrà fún alága, ó jókòó. Mo rí ìwé ìpàdé náà lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Ohun tí akọ̀wé kọ síbẹ̀ ni pé wọ́n ti ṣàlàyé fún àwọn ọlọ́jà, wọ́n sì fara mọ́ ọn.

Ogbufọ̀ ilé ẹjọ́ májísíréètì ni mo jẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Abala 36 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999 ní ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń ṣẹjọ́, gbọ́dọ̀ rí ogbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Mo ti dúró ti ẹni tó jí adìẹ, mo ti dúró ti ẹni tó fọ́ ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù. Bí adájọ́ bá sọ̀rọ̀, màá sọ ọ́ fún olùjẹ́jọ́ ní Yorùbá; bí òun náà bá fèsì, màá sọ ọ́ fún adájọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, adájọ́ á sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí olùjẹ́jọ́ tilẹ̀ ń sọ ìsọkúsọ, mi ò láṣẹ láti gé e kúrú, n kò sì láṣẹ láti bá a tún un ṣe.

Èyí tó wá jọ mí lójú jù ni ti ẹni tó bá kọ̀ tí kò fọhùn. A ka ẹ̀sùn sí i létí, a bi í bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, ó dákẹ́ lọ gbári. Ilé ẹjọ́ kì í tìtorí èyí kọ ọ́ pé ó gbà pé òun jẹ̀bi. Wọ́n á kọ́kọ́ wádìí bóyá odi ni àbí ó mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni. Bó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, wọ́n á kọ “kò jẹ̀bi” sílẹ̀ fún un, ẹjọ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ̀sùn kàn án ni yóò wá kó ẹ̀rí jáde.

Ẹ wá bá mi wò ó, Olóòtú. Ẹni tí wọ́n ká adìẹ oládìẹ mọ́ lọ́wọ́ ní ogbufọ̀, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ kò sì di ẹ̀rí lòdì sí i. Ìyá tí kò jalè, tó ń sanwó ìsọ̀ fún káńsù lọ́dọọdún, kò ní ogbufọ̀, ìdákẹ́jẹ́ tirẹ̀ sì ti di ìfọwọ́sí.

Mi ò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló fà á o. Àwa Yorùbá náà mọ bí a ṣe ń fi ọ̀wọ̀ pa èèyàn lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn tí Ìyálọ́jà jókòó, ọmọ àbúrò mi nawọ́. Ọkùnrin tó di máìkì mú rẹ́rìn-ín sí i, ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ìyá ti sọ̀rọ̀ fún gbogbo yín. Ẹ jẹ́ ká fi àdúrà parí ẹ̀.” Ta ló fẹ́ di ẹni tó ń dí àdúrà lọ́wọ́? Ó sọwọ́ kalẹ̀. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì lẹni yẹn fi lé e jókòó. Ìyálọ́jà fúnra rẹ̀, mi ò bá a wí. Ẹni tí káńsù lè dà láàmú lọ́la kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ ko ogun níwájú alága. Ẹ má sì gbàgbé àwọn tí kò ní ìsọ̀ rárá, àwọn ọmọbìnrin tó tẹ́ ata sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n sípàdé, bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé.

Bẹ́ẹ̀ ìlú yìí kò ṣàì mọ ohun tí à ń pè ní ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Lọ́dọọdún, lóṣù Kẹta, tí a bá ń ṣọdún Òkè’Bàdàn, àwọn èèyàn á máa kọrin èébú kiri ìgboro, wọ́n á bú olówó, wọ́n á bú olóyè lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ bínú. (Orin náà kò ṣe é kọ síbí, bí mo bá kọ ọ́ pàápàá, ẹ̀yin ò ní tẹ̀ ẹ́ jáde.) Lọ́dún 1953 ńkọ́, nígbà tí Gómìnà Macpherson, òyìnbó tó ń ṣàkóso Nàìjíríà nígbà náà, bọ́ sórí rédíò, tó bẹnu àtẹ́ lu ẹgbẹ́ Action Group lórí ọ̀rọ̀ òmìnira? Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, ní kí wọ́n fún òun náà láyè kí òun fèsì, wọ́n kọ̀ fún un. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá WNTV sílẹ̀ níbí, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì ti Twitter pa ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, gbogbo àwa tó mọ̀wé figbe ta títí wọ́n fi ṣí i ní oṣù Kìíní ọdún 2022. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kò lè dá tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní tirẹ̀. Bó bá pe rédíò láàárọ̀, kó tó kí olóòtú ètò tán, káàdì á ti tán.

Àwọn káńsù kan lè ní òfin ló so àwọn lọ́wọ́. Òfin wo? Abala 97 nínú ìwé òfin kan náà gba Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti lo èdè ìpínlẹ̀ rẹ̀ ní àfikún sí Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n bá ti fi ìpinnu fọwọ́ sí i. Bí ilé tó ń ṣòfin bá lè sọ Yorùbá, kí ni yóò dí ìpàdé lórí ìsọ̀ aláta lọ́wọ́?

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Kí wọ́n tẹ ìwé ìkéde ní Yorùbá, kí wọ́n sì kà á sókè nínú ọjà lọ́jọ́ ọjà, torí ọ̀pọ̀ kò lè kà á. Kí wọ́n lọ bá àwọn obìnrin ní ìlà ìsọ̀ wọn, níbi tí kò ti sí alága kankan níwájú wọn, kí wọ́n sì kọ ohun tí oníkálukú bá sọ. Níbi tí ẹnikẹ́ni ò bá ti sọ nǹkan kan, kí akọ̀wé kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an: kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Èyí kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú pé wọ́n fara mọ́ ọn, akọ̀wé tó bá sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ti purọ́ sínú ìwé ìjọba.

Bí káńsù náà bá ṣe tán láti tún ìpàdé yẹn pè kí katakata tí wọ́n máa fi wó ìsọ̀ tó dé, mo ṣe tán láti wá ṣe ogbufọ̀ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀dọ̀ yín ni kí wọ́n ti gba nọ́ńbà mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ogbufọ̀ ilé ẹjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.