Ìwọ lo lara rẹ

Òkè-Fìà, Òṣogbo.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi ò sì dùn rárá. Wọ́n tún ní kí o lọ gba ìwé wá lọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ mìíràn kí wọ́n tó kọ testosterone, oògùn tó ń sọ ara di ti ọkùnrin, fún ọ? NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí o wà, tó ní kí aláìsàn má dúró ju ọ̀sẹ̀ 18 lọ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún làwọn trans bíi tìrẹ, àwọn tí ohun tí wọ́n mọ ara wọn sí, ọkùnrin tàbí obìnrin, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n pè wọ́n nígbà tí wọ́n bí wọn, fi ń tò lọ́dọ̀ wọn.

Èyí tó dùn mí jù ni pé o fi ohun tó ń jẹ ọ́ lọ́kàn pamọ́ fún dókítà. O fẹ́ béèrè bóyá o ṣì lè bímọ lọ́jọ́ iwájú, àmọ́ ẹ̀rù bà ọ́ pé wọ́n á ní ọkàn rẹ ò tíì dúró. Ibi tí gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Dókítà tó ń dá èèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ò lè gbọ́ òótọ́ lẹ́nu onítọ̀hún. Ó yẹ kó jókòó tì ọ́, kó sọ fún ọ pé ohùn tó bá ti rẹlẹ̀ kì í padà, kódà bí o bá dáwọ́ oògùn dúró; pé ẹ̀jẹ̀ lè ki jù, torí náà ẹ ó máa yẹ̀ ẹ́ wò; pé bí o bá fẹ́ fi ẹyin inú rẹ tó ń di ọmọ pamọ́, ó dára kí o ṣe é kí o tó bẹ̀rẹ̀. N ò ní kó máa pín oògùn bí ẹní pín gúgúrú o. Kó ṣàlàyé, kó yẹ ara wò, kí ẹni tó lara sì pinnu.

Argentina ti fi í sófin láti 2012: àgbàlagbà tó bá gbọ́ àlàyé, tó sì fọwọ́ sí i, kò nílò ìyọ̀ǹda adájọ́ kó tó gba irú ìtọ́jú yìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà yọ ọ̀rọ̀ jíjẹ́ trans kúrò lára àrùn ọpọlọ nínú ICD-11, ìwé tí wọ́n fi ń to àrùn lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019. Kí wá ni dókítà ọpọlọ kejì ń wá?

Níbí náà, ojú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rí i nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ fáíbírọ́ìdì rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé fọ́ọ̀mù wá, ó na ọwọ́ kọjá lórí ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀: "Dádì, ẹ bá wa sáìnì síbí." Ẹni tí wọ́n fẹ́ la inú rẹ̀ lajú sílẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń yé e, ẹnikẹ́ni ò bi í ní nǹkan kan. Kò mọ̀ pé wọ́n lè yọ ilé ọmọ bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ òfin ìlera Nàìjíríà, National Health Act 2014, abala 23, ní kí wọ́n sọ ewu ìtọ́jú àti iye owó rẹ̀ fún aláìsàn fúnra rẹ̀, ní èdè tó yé e. Mo ṣí i lórí fóònù, mo fi han nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Àǹtí, bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyí." Mo yarí pé àfi kí wọ́n pe dókítà. Ó wá, ó ṣàlàyé, ẹ̀gbọ́n mi béèrè títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó tó fọwọ́ ara rẹ̀ sáìnì. Bí wọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí abilékọ, mo mọ ohun tí ojú ẹni bíi tìrẹ ń rí nílé yìí.

Jọ̀ọ́, bí o bá padà lọ, béèrè ọ̀rọ̀ ẹyin yẹn. Kọ ìbéèrè rẹ sílẹ̀, mú ẹnì kan dání. Bí wọ́n bá tún ní kí o gba ìwé wá, ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi í mọ̀. Màmá ń kí ọ. Orúkọ rẹ tuntun ni wọ́n fi ń béèrè rẹ báyìí. Bí o bá ti kúrò níbẹ̀, pè mí.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.